Triptolide: NF-κB di DNA mú, síbẹ̀ IL-2 ò jáde. Kí ló ń dá a dúró?

Tọ́pẹ́_Jurkat

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti rò títí tí kò yé mi, mo sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ọ̀gá mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Triptolide ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú egbò ìtàkùn kan tó ń jẹ́ Tripterygium wilfordii ni wọ́n ti ń fà á yọ. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ti ń fi egbò náà tọ́jú oríkèé wíwú tipẹ́tipẹ́. Ọdún 1972 ni wọ́n tó ya triptolide fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì tẹ bó ṣe rí jáde. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe egbò gígún o. Ìyẹ̀fun funfun tó mọ́ ni, inú DMSO, omi tí a fi ń yọ́ èròjà, ni mo yọ́ ọ sí.

Sẹ́ẹ̀lì T ti Jurkat, irú sẹ́ẹ̀lì àjẹsára kan tí à ń lò ní láàbù, ni mo ń tọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ fi triptolide sí wọn fún wákàtí kan, kí n tó fi PMA àti ionomycin ru wọ́n sókè bí ẹni pé wọ́n ti pàdé ọ̀tá. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá gbé omi orí wọn, màá fi ELISA, ìdánwò tó ń wọn purotéènì, wo iye IL-2 tí wọ́n tú síta, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń ké sí ara wọn. Níbi tí DMSO nìkan wà, IL-2 pọ̀ yanturu. Níbi tí triptolide 50 náánómólà wà, agbára káká ni mo fi rí nǹkan kan. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, torí gbogbo ìwé ìwádìí tí mo kà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yẹn ní NF-κB, purotéènì tó ń wọ núkílíọ́ọ̀sì lọ jí àwọn jíìnì àjẹsára, ni triptolide ń dí lọ́nà. Mo wá ya núkílíọ́ọ̀sì sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ láti wá p65, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà NF-κB. Mo bá a níbẹ̀ digbí. Mo tún ṣe ìdánwò tó ń fi hàn bóyá ó di DNA mú. Ó dì í mú, ìlà rẹ̀ lórí gẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ ki ju ti DMSO lọ díẹ̀. Síbẹ̀ luciferase, jíìnì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bó bá ti jí, tí mo so mọ́ ojúkò NF-κB, kò tàn rárá. Bí NF-κB bá ti wọlé, tó sì ti di DNA mú, kí ló tún kù tí jíìnì ò fi jí?

Ọ̀gá mi ní tirẹ̀, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ṣé ó dá ọ lójú pé o ò kàn pa wọ́n ni?" MTT tí mo ṣe, ìdánwò tí a fi ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò pọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó dá a lóhùn. Àti pé, ṣé mo lè fi ṣe àkòrí iṣẹ́ mi pé triptolide "ń tẹ NF-κB mọ́lẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì T"? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

---

Bàbá Pípẹ́ẹ̀tì

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má kọ àkòrí yẹn o. Èsì rẹ dára, kò sì ta ko ara rẹ̀ níbì kankan. Àkòrí ni kò bá èsì mu.

Àwọn kan ti rí ohun tí o rí yìí ṣáájú rẹ. Ní 1999 wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé triptolide ń pa IL-2 lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì T, pé NF-κB ṣì ń di DNA mú dáadáa, ṣùgbọ́n jíìnì tó yẹ kó jí kì í jí. Nígbà náà, ohun tí wọ́n lè sọ kò ju pé lẹ́yìn tí NF-κB bá ti di DNA mú ni èròjà yìí ti ń ṣọṣẹ́. Ibo gan-an lẹ́yìn ìyẹn? Ó di 2011 kí ìdáhùn tó dé, nígbà tí àwọn tó ń wá ohun tí triptolide ń fọwọ́ kàn rí i pé XPB ni.

XPB wà nínú àkójọ purotéènì mẹ́wàá tí à ń pè ní TFIIH. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jó ATP, kó fi agbára rẹ̀ la okùn DNA méjèèjì níbi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, kí RNA polymerase II, ẹ́ńsáìmù tó ń da jíìnì kọ sí RNA, lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ yẹn. NF-κB lè ké títí kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Bí XPB ò bá la DNA, polymerase ò rí ọ̀nà gbà. Triptolide á lẹ̀ mọ́ XPB, XPB ò ní lè jó ATP mọ́, DNA á wà ní pípadé. Bí àkókò ti ń lọ, sẹ́ẹ̀lì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi proteasome rún Rpb1, ẹ̀yà tó tóbi jù lára polymerase yẹn. Ìyẹn á wá ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ sí i.

Nítorí náà triptolide ò bá NF-κB jà, kò bá NFAT (òmíràn tó ń jí jíìnì IL-2) jà, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àjẹsára. Ìdàkọ ló ń dá dúró, ì báà jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì T, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, tàbí nínú sẹ́ẹ̀lì awọ.

Wàá wá bi mí pé: bó bá jẹ́ ìdàkọ gbogbo jíìnì ló dúró, kí ló dé tó fi jẹ́ àjẹsára ló kọ́kọ́ ń dákẹ́? Fara balẹ̀ síbí yìí. Kì í ṣe gbogbo RNA inú sẹ́ẹ̀lì ló ń pẹ́ bákan náà. Ti actin, purotéènì tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ró, àti ti ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára lò lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí tuntun. Ti IL-2, ti TNF (purotéènì tó ń mú ara wú), ti c-Myc (purotéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i) kì í pẹ́. Àmì kan wà ní ìdí wọn, lẹ́tà A àti U tó tò léra, tó ń pe àwọn ẹ́ńsáìmù tó máa jẹ wọ́n run. Agbè tó ń jò ni RNA IL-2. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń rọ omi sí i, wàá rò pé ó kún. Jáwọ́ díẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ gbẹ, nígbà tí ìkòkò tí kò lu ṣì wà bó ṣe wà. Ara fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, torí TNF tí kò bá tètè kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀tá ti lọ, ara ẹni ló máa dojú kọ.

Jurkat rẹ tún wá pa kún un. Sẹ́ẹ̀lì tí o kò tíì rù sókè kì í ní IL-2 kankan ní ìpamọ́. Gbogbo IL-2 tí ELISA rẹ kà, ìdàkọ tuntun ló mú un wá, o sì ti fi triptolide sí i kí o tó ru wọ́n. Ohunkóhun tó bá dá ìdàkọ dúró, ìbáà wá láti ara ewé, ìbáà jẹ́ májèlé ògidì, òdo kan náà ló máa fún ọ. Actinomycin D, èròjà mìíràn tó ń dá ìdàkọ dúró, á fún ọ ní òdo yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ̀wé pé actinomycin D jẹ́ oògùn tó mọ NF-κB lójú. Láti 2009 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé triptolide ń dá RNA polymerase I àti II dúró, àti pé RNA tí ẹ̀mí wọn kúrú ló ń tètè pòórá jù.

Ní ti p65 tó ki ju ti DMSO lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé gẹ́ẹ̀lì ló ṣì ọ́ lọ́nà. IκBα ló máa ń wọ núkílíọ́ọ̀sì wá lé NF-κB jáde, NF-κB fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jí jíìnì IκBα. Bí ìdàkọ bá dúró, IκBα tuntun ò sí. Ta ló máa wá lé p65? Á jókòó síbẹ̀ ni. Wá IκBα lórí gẹ́ẹ̀lì kan náà ní ìṣẹ́jú 15, ní wákàtí kan, ní wákàtí méjì. Nínú DMSO á pòórá, á sì padà wá. Nínú triptolide á pòórá, o ò ní rí i kó padà. Àwòrán yẹn nìkan á ti jẹ́ kí ọ̀gá rẹ dákẹ́ díẹ̀.

Luciferase náà kò yàtọ̀. Jíìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di RNA kó tó di ìmọ́lẹ̀. Ṣé o fi èyí tí kò nílò NF-κB, tó ń tàn ṣáá, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Bí ìyẹn náà bá kú lọ́jọ́ kan náà, ẹjọ́ NF-κB kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí lórí ewé àti egbò ló ń kọsẹ̀ níbí. Wọ́n á mú èròjà kan, wọ́n á gbé luciferase NF-κB sí i, ó wálẹ̀, wọ́n á kọ "NF-κB". Ẹlòmíràn á gbé ti AP-1, purotéènì mìíràn tó ń jí jíìnì, sí i, ó wálẹ̀, á kọ "AP-1". Ẹ̀kẹta á kọ "STAT3". Tó bá ṣe, èròjà kan ṣoṣo á ti ní ojúkò rẹpẹtẹ, wọ́n á wá máa yìn ín pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà púpọ̀. Ojúkò kan ni, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tí wọ́n ń kà yẹn ń gbà kọjá.

Ó wá ku ìbéèrè ọ̀gá rẹ. Ó gbọ́n gan-an, MTT ò sì lè dá a lóhùn. Ohun tí MTT ń kà ni bí ẹ́ńsáìmù sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí àwọ̀ padà. Sẹ́ẹ̀lì tó kàn rẹ̀ lè mú un lọ sílẹ̀, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú sì lè ṣì máa yí àwọ̀. Lo Annexin V pẹ̀lú propidium iodide, tó ń fi sẹ́ẹ̀lì tó ń kú àti èyí tó ti kú hàn, kí o sì lò ó ní wákàtí gan-an tí ò ń gbé omi orí sẹ́ẹ̀lì, má ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Ìdí ni pé Mcl-1, purotéènì tó ń dá ikú dúró nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, òun náà wà nínú àwọn tí kì í pẹ́. Ìdàkọ dúró, Mcl-1 á tán, sẹ́ẹ̀lì á gba ibẹ̀ lọ. Ní wákàtí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí o ní sẹ́ẹ̀lì alààyè tó dákẹ́. Ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó lè jẹ́ òkú lo ní. ELISA ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, òdo ni yóò kọ fún ọ.

---

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Ẹ̀gbọ́n ti tú u palẹ̀. Díẹ̀ ni màá fi kún un.

Triptolide ní òrùka epoxide mẹ́ta lára. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń ṣí, tó sì máa ń so mọ́ cysteine 342, amino acid kan lára XPB, ní ìdè tí kì í tú. Ní 2015 wọ́n fi threonine rọ́pò cysteine yẹn nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì ka triptolide sí mọ́. Ẹ̀rí yẹn tó mi. Yí ẹyọ amino acid kan padà, gbogbo ọṣẹ́ èròjà náà á pòórá.

Tọ́pẹ́, tó o bá ń gbèrò láti fọ èròjà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì kí o lè wò ó bóyá IL-2 á padà, fi ìyẹn sọ́kàn. Omi tí o fi fọ̀ ọ́ ò lè fọ ohun tó ti so mọ́ XPB.

Àti pé ẹ má máa da triptolide pọ̀ mọ́ egbò. Celastrol wà nínú egbò kan náà, tirẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń so mọ́ cysteine lára oríṣiríṣi purotéènì, kò yan ọ̀kan. Ìwé tó bá fi omi egbò ṣe ìdánwò, tó wá fi XPB nìkan ṣàlàyé èsì rẹ̀, mo máa ń kà á tìfuratìfura ni.

Àwọn kan ní Yunifásítì Minnesota ti so phosphate mọ́ triptolide kó lè yọ́ nínú omi, Minnelide ni wọ́n pè é. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń dán an wò fún, títí kan ti àmọ́ (pancreas). Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èròjà tí ayé ń pè ní oògùn oríkèé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ló bá ara rẹ̀.

---

Àdùkẹ́_ọ̀rún

Ẹ dákun, èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo kàn ń kà á lọ ni. Làkúrègbé tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ló ń ṣe mí, methotrexate ni mo ń lò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta egbò tí ẹ ń sọ yìí nínú kápúsù, ó ní ohun àdánidá ni, pé kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, pé kí n fi kún oògùn mi. Ọwọ́ mi ṣì ń wú láàárọ̀. Ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀ wò?

---

Dókítà_Oríkèé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ẹ má fi kún un o. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ọwọ́ yín ṣì ń wú, torí ìyẹn fúnra rẹ̀ nílò àtúnṣe, ẹ sì fi kápúsù náà hàn án.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé egbò náà ò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ní 2014 wọ́n tẹ èsì ìdánwò kan jáde láti ilẹ̀ Ṣáínà lórí aláìsàn 207 tó ní irú àìsàn yín. Àwọn kan lo methotrexate, àwọn kan lo oògùn tí wọ́n fà láti ara egbò náà, àwọn kan lo méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tí àìsàn wọn fúyẹ́ dé ìlàjì jẹ́ nǹkan bí 46 nínú 100 lọ́wọ́ methotrexate, 55 lọ́wọ́ egbò, 77 lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yẹn nìkan á sáré lọ ra kápúsù. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ oògùn tí wọ́n ń lò, ìyẹn sì máa ń tì èsì síwájú. Oògùn tí wọ́n wọn dáadáa ni wọ́n sì lò, àwọn dókítà ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó ń ta kápúsù fún yín ò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ohun tí Bàbá Pípẹ́ẹ̀tì ń ṣàlàyé lókè yẹn kan yín tààrà. Èròjà tó ń dá ìdàkọ dúró kò mọ sẹ́ẹ̀lì oríkèé yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan lójoojúmọ́ ló ti máa hàn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà rí i pé iye àtọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń lo egbò náà ń lọ sílẹ̀ gidigidi, débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Ní 2021 pàápàá, wọ́n tún dán triptonide, tó jẹ́ ìbátan triptolide, wò nítorí ọ̀rọ̀ yẹn lára eku àti ọ̀bọ. Lára àwọn obìnrin, nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró, ti ẹlòmíràn kì í sì í padà. Ẹ̀dọ̀ ń fara gbá, kíndìnrín ń fara gbá.

Ti ẹ̀dọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Àìsàn yín ń mú kí TNF pọ̀ nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí TNF bá kàn máa ń tètè fi NF-κB jí àwọn jíìnì tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikú. Bí èròjà kan bá ti dá ìdàkọ dúró, kò ní rí ààbò yẹn ṣe. Methotrexate tí ẹ ń lò, òun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò látìgbàdégbà. Ẹ má fi ẹrù kejì lé e lórí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ìwọ̀n tó ń wúlò àti ìwọ̀n tó ń ṣèpalára sún mọ́ ara wọn gan-an nínú ọ̀rọ̀ egbò yìí. Pé ohun àdánidá ni kò sọ ọ́ di ohun tí kò lè pani lára. Colchicine tí a fi ń tọ́jú gáùtù, ara ewéko ló ti wá, a sì ń fi gíráàmù tó kéré jọjọ wọ̀n ọ́n torí tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ó ń pani.

---

Àdùkẹ́_ọ̀rún

Ẹ ṣé gan-an, dókítà. Mi ò ní rà á. Ọ̀la ni màá pè wọ́n nílé ìwòsàn.

---

Tọ́pẹ́_Jurkat

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo lọ wo gẹ́ẹ̀lì àtijọ́ mi, mo sì rí i pé p65 triptolide ṣì wà nínú núkílíọ́ọ̀sì ní wákàtí tí ti DMSO ti dín kù. Mo ti rò pé ìwọ̀n purotéènì tí mo gbé sí i ni ò dọ́gba.

Ìbéèrè mi tó kù: oògùn tó ń pa àjẹsára lẹ́nu mọ́ lóòótọ́, tí wọ́n ń lò fún àwọn tó gba kíndìnrín ẹlòmíràn, báwo ni tiwọn ṣe ń mọ sẹ́ẹ̀lì T yàtọ̀? Tàbí àwọn náà kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Àti pé, ṣé ó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan mọ́ tí mo lè sọ nípa triptolide àti àjẹsára?

---

Bàbá Pípẹ́ẹ̀tì

Inú mi dùn pé o padà lọ wo gẹ́ẹ̀lì.

Mú cyclosporin A. Ara olú ni wọ́n ti rí i. Ó máa ń so mọ́ cyclophilin, àwọn méjèèjì á jọ lọ dí calcineurin lọ́wọ́. Calcineurin ló sì ń bọ́ phosphate kúrò lára NFAT kó tó lè wọ núkílíọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé cyclosporin ń dá ìránṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ DNA. Àwọn jíìnì tí kò nílò NFAT ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò pé o, torí calcineurin wà níbòmíràn náà, kíndìnrín sì máa ń jìyà rẹ̀. Mycophenolate gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe guanine tuntun. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lè tún ti àtijọ́ lò, sẹ́ẹ̀lì T àti B tó fẹ́ pọ̀ sí i ni kò lè ṣe láìsí tuntun. Colchicine tí dókítà dárúkọ tún yàtọ̀. Tubulin, purotéènì tó ń so mọ́, wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì àjẹsára kan, kò ní P-glycoprotein tó pọ̀ tó láti tì í jáde, oògùn á wá kó jọ sínú rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó dá sẹ́ẹ̀lì àjẹsára mọ̀ lójú. Olúkúlùkù wọn rí ibi tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ti nílò ohun kan ju àwọn yòókù lọ. Ibi tí ti triptolide wà ni RNA tí kì í pẹ́, ibẹ̀ sì fẹ̀ jù.

Cyclosporin náà ló máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Fi í sí àwo kan náà. Wàá ní DMSO, triptolide, actinomycin D, cyclosporin A. Wá NFAT nínú núkílíọ́ọ̀sì. Lọ́wọ́ cyclosporin kò ní wọlé. Lọ́wọ́ triptolide á wọlé, IL-2 ò sì ní jáde. Bí triptolide bá ń rìn pẹ̀lú actinomycin D nínú gbogbo ìdánwò, tí cyclosporin dá dúró lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá.

Tó o bá fẹ́ fi qPCR wọn RNA, ṣọ́ra pẹ̀lú jíìnì tí o máa fi ṣe ìwọ̀n. Actin á dà bí ẹni tí kò yí padà ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà òun náà á máa lọ sílẹ̀, á sì bo àṣírí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fi RNA àjèjì tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i nígbà tí o bá ń tú sẹ́ẹ̀lì palẹ̀, kí o fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n.

O béèrè bóyá ohun kan kù tí o lè sọ. Ó kù, òun ni mo sì rò pé ó tọ́ sí ọ. Ìwọ̀n 50 náánómólà tí o lò ga fún ìbéèrè yìí. Bẹ̀rẹ̀ láti 1, kí o gùn ún sókè díẹ̀díẹ̀. Ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, wọn IL-2, kí o sì fi ethynyl uridine wọn gbogbo RNA tuntun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú Annexin V. Bí ìlà IL-2 àti ìlà RNA tuntun bá jọ ń sọ̀ kalẹ̀, kọ ọ́ pé ìdàkọ lápapọ̀ ni. Bí o bá rí ìwọ̀n kan tí IL-2 ti wálẹ̀ dé ìlàjì nígbà tí RNA tuntun ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tí sẹ́ẹ̀lì sì wà láàyè, a jẹ́ pé IL-2 nílò XPB kíkankíkan ju jíìnì yòókù lọ. Ìyẹn ni kí o fi ṣe àkòrí. Lo sẹ́ẹ̀lì T láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn náà tí o bá lè rí i, torí Jurkat jẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó ń dàkọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ ọ́ báyìí: "Triptolide ń dá ìdàkọ IL-2 dúró lẹ́yìn tí NF-κB ti di DNA mú." Kò sẹ́ni tó máa já ọ nírọ́. Tí ìlà méjèèjì bá ti ṣe tán, gbé àwòrán wọn síbí.

---

Tọ́pẹ́_Jurkat

Ethynyl uridine wà nínú fìríìjì wa, ẹnì kan ló rà á sílẹ̀ tí kò lò ó. Màá tú sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú àwo lọ́jọ́ Ajé.